Ẹ̀BÙN TÍ A FI SÍLẸ̀ NÍWÁJÚ PẸPẸ

Ẹ kà: Matteu 5:21–26, Gẹnẹsisi 13 àti 33.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Olúwa wa tìkára rẹ̀ ni ó sọ ọ́ lórí òkè, ó sì là á yéni tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kékeré fi lè gbọ́ ọ. Síbẹ̀, bóyá ni ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú Ìhìnrere tí àwa onígbàgbọ́ ń gbọ́ nígbàkúgbà bí èyí, tí a sì ń fi í sílẹ̀ láìṣe.

Ọkùnrin kan mú ẹ̀bùn rẹ̀ wá sí ibi pẹpẹ. Níbẹ̀ gan-an ni ó rántí pé arákùnrin òun ń bínú sí òun. Kí ni Olúwa wí pé kí ó ṣe? Kò wí pé kí ó kánjú parí ìsìn rẹ̀, kí ó tó máa wá àyè fún ọ̀ràn náà nígbà mìíràn. Ó ní kí ó gbé ẹ̀bùn náà kalẹ̀ níbẹ̀, kí ó yí padà, kí ó lọ wá arákùnrin náà rí, kí ìjà ó parí láàárín wọn. Nígbà náà ni kí ó tó padà wá rúbọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Galili ni àwọn tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà, Jerúsálẹ́mù sì ni pẹpẹ wà. Ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ni lílọ, ìrìn ọjọ́ púpọ̀ sì ni àbọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà tí kò mọ̀ pé ohun tí Olúwa ń béèrè yóò ná ènìyàn ní nǹkan.

Ẹ kíyèsí ohun kan tí a máa ń fò dá nínú ọ̀rọ̀ náà. Olúwa kò sọ̀rọ̀ ẹni tí inú ń bí. Ẹni tí a ń bínú sí ni ó bá wí. Bí ó bá ṣe àwa ni a kọ òfin náà ni, à bá kọ ọ́ pé, ẹni tí ó ṣẹ̀ ni kí ó wá bẹ̀bẹ̀, àwa yóò sì jókòó sí ilé láti máa retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù kò dúró bi ọkùnrin náà léèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rántí ni kí ó kọ́kọ́ dìde.

Ẹ jẹ́ kí a wí i bí ó ti ń rí ní àárín wa. Baba kan kú, ó fi ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ta ilẹ̀ kan láìfi lọ àbúrò. Tàbí àbúrò kọ́ ilé kọjá ààlà, ó ní òun kò rí òpó. Ọ̀ràn dé iwájú àwọn àgbà ẹbí, kò tán níbẹ̀. Ó di ti lọ́yà. Àwọn baba wa sì ti wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ń jókòó ní apá ọ̀tún nínú ìjọ, àbúrò ń jókòó ní apá òsì. Wọ́n ń kọ orin kan náà, wọ́n ń ṣe Àmín sí àdúrà kan náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà jáde. A ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ jẹun ní ilé kejì. Nígbà tí ó sì ṣe, ìyá tí ó bí àwọn méjèèjì kú. Aṣọ ẹbí di oríṣi méjì, ibi ìgbàlejò di méjì, a sì ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ṣe ẹ̀yẹ fún ìyá tí ó kú, ẹni tí ohun kan ṣoṣo tí ó ń béèrè nígbà ayé rẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ òun kí ara wọn.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀bùn wo ni Ọlọ́run yóò gbà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ìdúpẹ́ ìkórè? Àgbàdo àti iṣu kò wọ́n Ọlọ́run. Ohun tí ó ń wá kò sí nínú agbọ̀n náà.

Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí pàápàá lè kọ́ wa ní ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun ńlá kan jà ní Ìkìrun. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá wà ní apá kan. Ìbàdàn, lábẹ́ Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, wà ní apá kejì. Nígbà tí ogun tú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń sá lọ ni wọ́n já sínú odò Ọ̀tìn, omi sì gbé wọn lọ. Nítorí èyí ni a fi ń pè é ní Ogun Jálumi títí di òní. Ní àkókò àwọn ogun wọ̀nyí ni àwọn ará Òkukù fi ilé àti oko wọn sílẹ̀, tí wọ́n sá wá sí Ìkìrun, tí wọ́n sì di àlejò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Omi Ọ̀tìn kò bèèrè ẹni tí ó jàre lọ́wọ́ àwọn tí ó gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ìkórìíra rí: ẹni tí ó jẹ̀bi àti ẹni tí ó jàre ni ó ń rì pọ̀.

Ogun Kírìjì tẹ̀lé e, àwọn jagunjagun sì dojú kọ ara wọn ní ìhà Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé fún ọdún púpọ̀, títí ó fi sú tọmọdé tàgbà. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ kọ́kọ́ tú àgọ́ rẹ̀, kí a má baà wí pé ó sá. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney ní Èkó rán àwọn méjì nínú òjíṣẹ́ Ìjọ wa lọ sí àárín wọn: Samuel Johnson láti Ìbàdàn, àti Charles Phillips láti Oǹdó. Kì í ṣe ìbọn ni a fi rán wọn. Wọ́n ń lọ láti àgọ́ kan dé èkejì, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, wọ́n ń fi sùúrù gbọ́ ẹ̀sùn tọ̀tún tòsì, títí a fi ṣe àdéhùn, tí a sì kéde àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Lóòótọ́ ni àwọn baba wa wí pé ọ̀rọ̀ tútù ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní ń yọ ọfà lápó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Àlàáfíà dé Kírìjì. Kò dé ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì wà ní Ìkìrun, wọ́n dojú kọ Ìlọrin ní ìhà Ọ̀fà, títí di ọdún 1893 tí Gómìnà Carter gòkè wá, tí àwọn àgọ́ náà tó tú. Báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ti rí. A ti parí ìjà ọ̀nà jíjìn, a kò tí ì parí ti ìtòsí. A ń rẹ́rìn-ín sí àjèjì lọ́jà, a ń yára dá àna lóhùn. Ọmọ ìyá wa ni a kò lè bá sọ̀rọ̀.

A mọ àwọn àwáwí tí yóò dìde. Èkíní ń wí pé, “Èmi ni ẹ̀gbọ́n; kí àbúrò wá dọ̀bálẹ̀.” Ta ni àgbà láàárín Ábúráhámù àti Lọ́ọ̀tì? Ábúráhámù ni baba, òun ni Ọlọ́run sì ṣe ìlérí ilẹ̀ fún. Síbẹ̀ nígbà tí àwọn darandaran wọn ń jà, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ni ó sì ní kí ọmọ arákùnrin rẹ̀ kọ́kọ́ yan ibi tí ó wù ú. Kò sọ ipò àgbà nù nípa èyí. Níbẹ̀ ni àgbà rẹ̀ ti hàn.

Èkejì ń wí pé, “Mo ti gbàdúrà lórí rẹ̀, mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.” Jákọ́bù pẹ̀lú gbàdúrà. Gbogbo òru ni ó fi bá Ọlọ́run jìjàkadì létí odò Jábókù, ó sì gba ìbùkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní láti fi ẹsẹ̀ tí ń tiro náà rìn lọ pàdé Ísọ̀, kí ó sì tẹríba fún un. Àdúrà kò rọ́pò ìrìn náà. Àdúrà ni ó fún un ní agbára láti rìn ín.

Ẹ̀kẹta ń wí pé, “Mo ti lọ, kò gbà.” Sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, Ìwé Àdúrà wa ní ọ̀rọ̀ ìtùnú. Nínú ìlànà Ìdàpọ̀ Mímọ́, a pàṣẹ fún àlùfáà pé kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn tí ó ń bá ara wọn ṣọ̀tá wá sí tábìlì Olúwa títí wọn yóò fi parí ìjà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti fi tọkàntọkàn dárí jì, tí ó sì ti tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, tí ẹnìkejì sì ṣe orí kunkun, kí a gba ẹni tí ó ronú pìwà dà náà, kí a sì dá olórí kunkun dúró. A kò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ ìdáhùn tí ó wà ní ẹnu ẹlòmíràn. Ìrìn tìrẹ ni a ó béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lo ọ̀rọ̀ yìí láti bo olè mọ́lẹ̀. Sákéù kò wí pé kí a gbàgbé. Ó dá owó padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ arákùnrin rẹ̀, tí ó ń bẹ̀bẹ̀, tí owó sì wà lápò rẹ̀, ẹnu lásán ni ó fi ń bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò wí pé kí ẹni tí a ń lù padà lọ fi ara rẹ̀ fún pàṣán. Òtítọ́ àti àlàáfíà kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Ẹ má ṣe rò pẹ̀lú pé ará ìjọ nìkan ni arákùnrin yín. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé wa, ọmọ baba kan náà ni ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí èkejì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí Mùsùlùmí ni ẹni tí ó ń bínú sí ọ, òun ni kí o lọ bá.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ó tó di ọjọ́ Ìdàpọ̀ Mímọ́ tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa jókòó ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó bi ara rẹ̀ pé, ta ni ó ń gba ojú pópó mìíràn nítorí mi? Orúkọ kan yóò wá sí ọkàn rẹ. Má ṣe fi fóònù nìkan ṣe é bí ẹsẹ̀ rẹ bá lè dé ibẹ̀. Má ṣe kó ẹ̀rí dání. Kan ilẹ̀kùn, kí ẹni náà, kí o sì wí pé ìwọ wá nítorí àlàáfíà. Bí ẹni náà bá wà lórí àìsàn, má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ kí o tó lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti dúró létí sàréè, tí ó ń sọ fún òkú ohun tí ó yẹ kí ó sọ fún alààyè.

Ẹ̀bùn rẹ kò ní sọnù. Olúwa kò wí pé kí a gbé e kúrò. Níwájú pẹpẹ ni ó ní kí a fi í sílẹ̀ sí. Yóò dúró dè ọ́ níbẹ̀ títí ìwọ yóò fi padà, bóyá pẹ̀lú arákùnrin rẹ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí kò dúró dè wá kí a tó rán Ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ó rán an sí wa nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀tá, kí ó fún ẹsẹ̀ wa ní agbára, kí ó sì fún ọkàn wa ní ìrẹ̀lẹ̀, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.