Tún Àkọlé Yẹn Kà Kí O Tó Fi Í Ránṣẹ́

Ìwọ tí ò ń polówó ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2013, èrò kún ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wá wo eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Boston Marathon, eré tó gùn ju kìlómítà 42 lọ. Nítòsí ibi tí eré ti ń parí ni bọ́ǹbù méjì ti bú gbàmù láàárín èrò. Èèyàn mẹ́ta kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan sì wà nínú wọn. Àwọn tó fara pa lé ní 260. Àwọn kan fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ibẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn ní ilé ìwòsàn.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n tún sá eré náà. Adidas, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe bàtà àti aṣọ eré ìdárayá, wà lára àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó sá a, láti bá wọn yọ̀ àti láti polówó ọjà. Àkọlé tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ni pé: A bá ọ yọ̀, o la Boston Marathon já láàyè!

Ronú sí i ná. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní in lọ́kàn láti fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá sá irú eré bẹ́ẹ̀ parí sábà máa ń ṣàwàdà pé díẹ̀ ló kù kóun kú. Ká ní ìlú míì ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Boston ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ṣojú wọn ṣì ń gbé ìlú náà, wọ́n sì ṣì ń sá eré náà. “Ẹ kú eré” ì bá ti tó. “Ẹ kú oríire” nìkan ì bá ti tó. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni wọ́n ṣà mú, wọn ò sì bi ara wọn pé ta ló máa kà á. Àwọn àgbà ní a kì í ṣojú oníka mẹ́sàn-án ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn.

Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Inú bí àwọn èèyàn, wọ́n sì ń fi àkọlé náà han ara wọn káàkiri. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Adidas tọrọ àforíjì, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àwọn ò ronú rárá sí ohun táwọn kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu. Ímeèlì tó ti dọ́wọ́ èèyàn kò ṣeé gbà padà.

Má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn. Nígbà ọdún Àjíǹde 2022, Sterling Bank ní Nàìjíríà fi àjíǹde Jésù wé búrẹ́dì Agége tó wú. Wọ́n rò pé yóò pani lẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ Kristẹni CAN bẹnu àtẹ́ lù wọ́n, báńkì náà sì tọrọ àforíjì.

Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ti kọ “Ìkìlọ̀ ìkẹyìn” tàbí “Ìròyìn búburú” sórí ímeèlì rí, nígbà tó jẹ́ pé bàtà lò ń tà? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn lè ṣí i tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, kó wá bá bàtà níbẹ̀. Kò ní rà á. Ó lè sọ fún Gmail pé pàǹtírí ni ímeèlì rẹ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó fẹ́ ọjà rẹ pàápàá lè má rí ímeèlì rẹ mọ́.

Nítorí náà, kí o tó fi ímeèlì ránṣẹ́, ka àkọlé rẹ̀ sókè ketekete. Bi ara rẹ pé ọjọ́ wo lòní, ìlú wo ló ń lọ, kí ló sì ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí ẹlòmíì kà á. Bí kò bá ṣeé sọ lójú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, pa á rẹ́, kí o kọ òmíràn. Jọ̀wọ́, má fi ọgbẹ́ ọmọnìkejì rẹ polówó ọjà.