Ta Ló Jẹ Gbèsè Ẹrù Tí A Kò Gbà?

Nínú ọ̀rọ̀ gbèsè, ohun tó rọrùn ni kí ẹni tó yáwó jẹ́wọ́ pé òun yá a. Ohun tó ṣòro ni kí a mọ̀ bóyá ẹnì kan lè di onígbèsè nítorí owó tí ẹlòmíràn san lórúkọ rẹ̀, láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́, lórí ẹrù tí kò tilẹ̀ gbà. Ìbéèrè yìí ń wáyé láàárín àwọn tó ń ra ọjà láti òkèèrè, pàápàá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ránṣẹ́ sílé fún aṣọ òkè, àdìrẹ àti ìlẹ̀kẹ̀: ẹrù dé, ìwé owó ibodè tẹ̀ lé e, ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí ní òun kò gbà á mọ́, ẹrù sì padà síbi tó ti wá, ṣùgbọ́n ìwé owó kò bá a padà.

Owó ibodè tí à ń wí yìí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Owó kan wà tí ìjọba ń gbà nítorí pé ọjà òkèèrè wọlé, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Òmíràn jẹ́ owó-orí ọjà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAT, tí í ṣe 20% nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta ni owó iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ tó gbé ẹrù ń bù lé e, nítorí pé òun ló kọ ìwé, òun ló sì san owó ìjọba sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, bí iye ọjà kò bá ju £135 lọ, ẹni tó tà á ló yẹ kó gba VAT lórí rẹ̀ nígbà títà, kò sì sí owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí rẹ̀ àfi tó bá jẹ́ ọtí tàbí tábà. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnubodè ni wọ́n ti ń gba owó méjèèjì. Bí aṣọ kan bá tó £200, tí wọ́n sì gba 12% tó wọ́pọ̀ lórí aṣọ, owó kọ́sítọ́ọ̀mù yóò jẹ́ £24. VAT yóò wá gun orí àpapọ̀ £224, yóò jẹ́ £44.80, kí a tó tilẹ̀ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó rò pé £200 ni òun ná yóò rí £68.80 lókè rẹ̀, owó iṣẹ́ kò sì tíì sí nínú rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé kí wọ́n máa gbé e padà.

Àwọn méjì kan jíròrò ọ̀rọ̀ náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ìṣirò owó ló sì ṣe fún ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìntì. Àbúrò kàwé òfin, ṣùgbọ́n aṣọ ló ń tà ní Ìbàdàn: ó ń gba aṣọ òkè lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ka orí iṣẹ́ tí a ti ṣe. Ó ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kì í dúró kí ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ kó tó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́bodè. Ìgbà tí ẹrù ṣì wà lójú ọ̀run ni wọ́n ti ń ṣètò ìwé àti owó rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹrù fi ń dé láàárín ọjọ́ mélòó kan. "Ẹni tó bá ra ọjà láti Nàìjíríà mọ̀ pé ẹnubodè wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó ti sọ pé òun rà á, ó ti sọ pé kí wọ́n gbé e la ẹnubodè kọjá fún òun. Bó bá wá yí ọkàn padà nígbà tí ẹrù dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣé ẹni tó ti yọ owó àpò ara rẹ̀ síwájú ni kó pàdánù?"

Ó fi ẹjọ́ àtijọ́ kan ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ẹjọ́ Exall àti Partridge tí wọ́n dá ní ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1799. Ọkùnrin kan fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kan kẹ̀kẹ́; onílé gbẹ́sẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà nítorí owó ilé tí akankẹ̀kẹ́ àti àwọn tí wọ́n jọ gba ilé jẹ; ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ san owó ilé náà kó lè rí ohun ìní rẹ̀ gbà, ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí àwọn tó jẹ owó ilé san án padà fún un. Ẹ̀gbọ́n ní ìlànà ibẹ̀ ni pé ẹni tí òfin fipá mú láti san gbèsè ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀ padà, àti pé akẹ́rù tí kò lè gbé páálí kúrò lọ́wọ́ aṣọ́bodè láìsanwó kò yàtọ̀ sí ọkùnrin náà.

Àbúrò kò bá ẹjọ́ náà jà, ibi tí Ẹ̀gbọ́n gbé e kà ló bá jà. Ó ní ọkùnrin tó ni kẹ̀kẹ́ kò wá owó ilé san. Ọ̀ràn ló bá a níbi tí ó fi ohun ìní rẹ̀ sí. Akẹ́rù, ní tirẹ̀, ló yàn láti dúró ní ẹnubodè, ó sì sọ ìsanwó-sílẹ̀ di òwò tí ó ń jẹ èrè lórí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa ni ẹjọ́ Falcke ti ọdún 1886, níbi tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti sọ pé ẹni tó san owó adójútòfò lórí ìwé tí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ sí, láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, kò lè tìtorí owó náà di ẹ̀tọ́ ẹni yẹn mú. Bí ó bá ṣe pé a lè sọ ènìyàn di onígbèsè lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò sùn? Àwọn asingbèsè tí wọ́n ń rán lẹ́tà tẹ̀ léra wọn nítorí ẹrù tó ti padà sí Ìbàdàn, ológò òde òní ni wọ́n." Ológò tó mẹ́nu bà ni ẹni tí olówó máa ń bẹ̀ láyé àtijọ́ kó lọ jókòó ti onígbèsè nílé, tí yóò máa dà á láàmú títí yóò fi san; kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ológò wọlé òun nítorí ohun tí kò jẹ.

Ó tún ní owó-orí ọjà jẹ́ owó tí ìjọba ń gbà lórí ohun tí àwọn ará ìlú ń lò, èyí tó túmọ̀ sí pé aṣọ tí a kò tú, tó sì padà síbi tó ti wá, kò ní ẹni tó lò ó. Ìjọba fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gba owó padà lórí ọjà tí wọ́n kọ̀ tí wọ́n sì dá padà sókè òkun: fọ́ọ̀mù C285 wà fún èyí tí akẹ́rù gbé, BOR286 sì wà fún èyí tó gba ọ̀dọ̀ ilé-ìfìwéránṣẹ́ kọjá. Bí ìjọba tó ni owó bá lè dá a padà, kí ni akẹ́rù ń sin ní gbèsè? Àbúrò sì tọ́ka sí Royal Mail: £8 ni owó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó máa ń fi ìwé sọ fún ẹni tó ni ẹrù, tí yóò sì tọ́jú ẹrù náà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí kò bá rí owó gbà, yóò dá a padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì tán. Ó ṣeé ṣe láti béèrè kí a tó sanwó.

(Ní ìlú Yorùbá àtijọ́ náà, oníbodè a máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbẹ́rù dé ẹnu odi, ṣùgbọ́n ojúkojú ni òun àti ẹlẹ́rù ń sọ ọ́. Alárù tó ń sanwó sílẹ̀ kó tó wá ẹlẹ́rù lọ ni ayé tuntun mú wá.)

Ẹ̀gbọ́n gbà pé ti ìjọba rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń jà fún kò ju owó iṣẹ́ lọ, nítorí pé fọ́ọ̀mù C285 kò dá iṣẹ́ akọ̀wé padà, àti pé ìyára tí kì í jẹ́ kí ẹrù dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bíi ti ilé-ìfìwéránṣẹ́ ni akẹ́rù ń tà. Ẹni tó fẹ́ kí aṣọ ìgbéyàwó dé kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé kò lè fi ìlọ́ra ilé-ìfìwéránṣẹ́ ṣe òṣùwọ̀n fún akẹ́rù.

Ibí yìí ni ìjíròrò náà ti yí sí ibi tí Àbúrò kò rò. Ó dáhùn pé kì í ṣe oníbàárà ló yan akẹ́rù, ẹni tó ta ọjà ló yàn án, àwọn àgbà sì ti sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Ta ló rán akẹ́rù níṣẹ́ láti Ìbàdàn? Ìwọ ni. Ta ló fọwọ́ sí ìwé ẹrù, tí wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí ẹni tí a rán an sí bá kọ̀ ọ́, kí ẹni tó fi ránṣẹ́ san án? Ìwọ kan náà ni. Gbèsè yìí kúrò lórí oníbàárà, ó sì jókòó sórí rẹ."

Ibẹ̀ gan-an ni òótọ́ wà, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣòwò àgbáyé sábà máa ń gbà fi ẹrù ránṣẹ́ dé ẹnu ilé. Èkíní ni DDP, níbi tí ẹni tó tà á ti máa ń san gbogbo owó ibodè kí ẹrù tó dé. Èkejì ni DAP, níbi tí ẹni tó rà á ti máa ń san án nígbà tí ẹrù bá dé. Iye ọjà tí a kọ fún DAP máa ń fani mọ́ra ju ti DDP lọ, kì í sì í ṣe pé ọjà náà pọ́ọ́kú. Ńṣe ni apá kan iye rẹ̀ fara pamọ́ sí ẹnubodè. Olùtajà tó bá mọ èyí, tí kò sì kọ ọ́ síbi tí oníbàárà yóò ti rí i kó tó sanwó, ti fi ìdákẹ́jẹ́ tà. Èyí tó tún burú ju ìdákẹ́jẹ́ lọ ni kí ó kọ "ẹ̀bùn" sára aṣọ £200, kó pe iye rẹ̀ ní £39 tí òfin gbà kí ẹ̀bùn wọlé láìsan VAT, nítorí pé bí àwọn aṣọ́bodè bá tú u wò, oníbàárà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jìyà irọ́ náà.

Àbúrò gba èyí láìjanpata. Ó ní bí olùtajà kò bá sọ ọ́, kí olùtajà ru owó iṣẹ́ náà àti owó ọkọ̀ àtipadà. Bí ó bá sọ ọ́ kedere, tí oníbàárà gbà, tó sì wá kọ ẹrù nítorí pé ọkàn rẹ̀ yí, kí oníbàárà san owó iṣẹ́ nìkan, nítorí pé iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀bùn dé bá láìmọ̀, tí kò rà, tí kò béèrè, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n kò bá a jiyàn lórí èyí, kìkì pé ó fi kún un pé ẹni náà kò gbọ́dọ̀ tú páálí wò kó tó kọ̀ ọ́.

Ohun tí wọn kò parí ni ti òfin tó yí padà nígbà tí ẹrù wà lójú ọ̀nà. Àpẹẹrẹ kan ni ti Amẹ́ríkà: láti ọdún 2016, ọjà tí kò ju $800 lọ ti ń wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìsan owó ibodè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àṣẹ tó fòpin sí àǹfààní náà fún ọjà gbogbo ilẹ̀ yòókù, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á kúrò lórí ti Ṣáínà àti Hong Kong nínú oṣù Karùn-ún, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ. Ẹni tó ra aṣọ $150 kí àṣẹ tó jáde fọkàn sí i pé kò ní san kọ́bọ̀. Tí aṣọ náà bá pẹ́ lọ́nà, ìwé owó ni yóò pàdé rẹ̀. Àbúrò ní ohun tí oníbàárà gbà kọ́ nìyí mọ́, nítorí náà ó lè kọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní òfin ilẹ̀ oníbàárà ló yí padà, kì í ṣe ti akẹ́rù, kì í sì í ṣe ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Àbúrò rán an létí pé ọ̀pọ̀ ilé-ìfìwéránṣẹ́ káàkiri ayé dá gbígba ẹrù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà dúró nínú oṣù Kẹjọ yẹn, nígbà tí wọn kò mọ ẹni tí yóò gba owó náà àti bí wọn yóò ṣe gbà á, ó sì ní akẹ́rù tó rí ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́, tó tún ń gba ẹrù lọ, mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n gbà fún un lórí ẹrù tí wọ́n gbà lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù Keje. Ní ti èyí tí wọ́n ti gbà ṣáájú ọjọ́ náà, kò gbà, Àbúrò náà kò sì yí ohùn padà.