Amānah Ni Owó Ilé-Ìwé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ iye ohun gbogbo. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin olùgbàgbọ́ òdodo, nínú Sūratul-Baqarah, āyah 282, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí á sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Èyí kì í ṣe ìfura. Ààbò amānah ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ilé-ìwé ìjọba tí àwọn ọmọ wa ń lọ ní ìpínlẹ̀ New York níhìn-ín. Ní June 30 ni ọdún ìnáwó ń parí. Lẹ́yìn náà, ayẹ̀wé-owó-wò a wá láti ìta, a fi ìwé wọn wé ti báńkì, a yẹ díẹ̀ nínú àwọn rìsíìtì wò, a sì jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn.

Díẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ní Roslyn, Long Island, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ìwé wò, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá kan ń kówó jẹ. Àṣírí tú ní 2004. Owó tí ó lọ lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀, kí á ka àbọ̀ náà, kí á fi ìwà pẹ̀lẹ́ béèrè pé: àléébù wo ni wọ́n rí, kí ni wọ́n sì ti ṣe sí i? Ẹni tí owó ìjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàrin wa, kí òun náà gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún ìṣirò.

Kí Ọlọ́hun mú ìṣirò rọrùn fún wa ní Ọjọ́ Ìdájọ́. Āmīn.