A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Títún Ilé Ìdáná Ṣe

Bí ènìyàn bá rí owó díẹ̀ kó jọ, tí ó sì fẹ́ tún ilé rẹ̀ ṣe, pálọ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bojú wò. Yóò ra àga titun, yóò kun ògiri, yóò sì fi aṣọ dáradára bo ojú fèrèsé, nítorí pé ibẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí. Ilé ìdáná ni ó ń gbẹ̀yìn. Nígbà tí ó bá sì kan ilé ìdáná, a máa ń pe bírìkìlà, a máa ń pe kápẹ́ńtà, a máa ń bi àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ó ti kọ́lé léèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dúró ti iná lójoojúmọ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni yóò tó mọ ohun tí a ṣe. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní oṣù yìí ni pé: ta ni ó ni ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bí a bá fẹ́ tún ilé ìdáná ṣe? Ṣé ẹni tí ó ni owó ni, tàbí ẹni tí ó ń dáná?

Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì àti táìsì ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa wí pé èéfín ni ìwà, kò ṣeé fi pamọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará ilé kan ti ń ro ti ara wọn, kí ó wo ibi tí èéfín ilé náà ń gbà jáde, kí ó sì wo ẹni tí ó ń fa èéfín náà símú.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ọ̀ràn yìí lè fà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, afẹ́fẹ́ búburú inú ilé, èyí tí igi, èédú àti kẹrosíìnì ń mú jáde níbi ìdáná, pa tó mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn lé ní 237,000. Ní ìlú Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí kan tí a tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Aboyún 324 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: apá kan ń lo igi tàbí kẹrosíìnì bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fún apá kejì ní sitóófù tí ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí kì í rú èéfín bí igi. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ìṣáájú, ìwọ̀n 6.4 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba sitóófù titun, ìwọ̀n 1.9 péré ni. Èédú tí a rò pé ó sàn nítorí pé èéfín rẹ̀ kò pọ̀, òun náà ní tirẹ̀: bí ó bá ń jó nínú yàrá tí a tì pa, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, inú èéfín ni àwọn ìyá wa ti se oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́. Òtítọ́ ni pé àwọn kan gbó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbó nìkan ni ó ṣẹ́kù láti jẹ́rìí. Ẹni tí ikọ́ ti mú lọ kò sí láàrin wa láti sọ tirẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, pé ènìyàn fara da ìyà kò fi hàn pé ìyà náà tọ́ sí i. Ìyá tí kò ráhùn kò wí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó bi í.

Ti ẹni tí ó ni owó ńkọ́? N kò fẹ́ fojú tín-ín-rín làálàá baálé ilé, tàbí ti ìyá tí ó ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú èrè kékeré. Ẹni tí ó ni owó ni ó ni ẹ̀tọ́ láti sọ iye tí òun lè ná, kí ilé má baà wọ gbèsè. Ṣùgbọ́n ohun tí owó náà yóò kọ́kọ́ ṣe, ẹni tí ó ń dáná ni kí ó sọ ọ́. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹni tí ó ni abẹ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ó ni orí.

Kí a má sì rò pé ìmọ̀ ìwé nìkan lè dípò ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1926, obìnrin ayàwòrán-ilé kan, ọmọ ilẹ̀ Austria, Margarete Schütte-Lihotzky, ya àwòrán ilé ìdáná fún àwọn ilé titun tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́. Ó fi aago wọn àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó wo ilé ìdáná inú ọkọ̀ ojú irin, ó sì kó ohun gbogbo sí àrọ́wọ́tó nínú àyè tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 1.9, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3.4. A kọ́ irú rẹ̀ sínú nǹkan bí 10,000 ilé. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì dín ìrìn àti àárẹ̀ kù. Síbẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni àyè náà gbà, àwọn kan sì ráhùn pé ó dá ìyá nìkan sí ìdí iṣẹ́, kò sí ẹni tí ó lè dúró tì í bá a ṣe é. Obìnrin náà, tí ó wà láàyè títí di ọdún 2000, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun kò dáná rí kí òun tó ya àwòrán náà.

Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń rí àwòrán ilé ìdáná ilẹ̀ òkèèrè, tí a sì ní kí bírìkìlà ṣe irú rẹ̀ fún wa. Pèpéle rẹ̀ ga, ó sì ń dán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ro ọkà ní láti lè fi agbára apá tẹ omorogùn láti òkè wá. Bí ìkòkò bá ga jù, èjìká rẹ̀ ni yóò san gbèsè ẹwà náà. Níbo ni odó yóò wà? Níbo ni ọmọbìnrin yóò jókòó sí láti ṣa ẹ̀fọ́, kí ó máa wo ọwọ́ ìyá rẹ̀? Òwe wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ṣùgbọ́n kápẹ́ńtà tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè a máa kan pẹpẹ tí ọwọ́ àgbàlagbà pàápàá kò tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ibi tí ó jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ń dáná. Aya lè bá ọkọ rẹ̀ jiyàn, ìyá àgbà lè bínú kí ilé sì gbọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ kò ní ẹnu. Bí a bá bi í pé níbo ni ojú ti ń ta á, tàbí níbo ni omi gbígbóná ti fẹ́ dà sí i lẹ́sẹ̀ rí, ohun tí yóò sọ lè gbà wá lọ́wọ́ àdánù. Bí a kò bá sì bi í, kò sí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́ fún wa, nítorí òun ni ó ń jí ṣáájú gbogbo wa lọ síbẹ̀.

Ẹwà kò burú. Kì í sì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó ń fẹ́ kí àlejò yin ilé. Ètò ni mo ń sọ: kí mímí ṣáájú, kí àárẹ̀ tẹ̀ lé e, kí dídán gbẹ̀yìn. Ẹni tí kò ní ju owó kékeré lọ, kí ó la fèrèsé sí òkè ògiri tí ó kọjú sí ara wọn, kí èéfín gbígbóná lè rí ọ̀nà jáde. Kí ó máa lo igi tí a ti sá gbẹ dáadáa. Kí a má sì pọn ọmọ dáná nígbà tí ẹlòmíràn wà nílé tí ó lè gbà á. Ẹni tí ó bá ra gáàsì, kí ó rántí pé gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni í máa rìn. Nítorí náà, kí sílíńdà wà ní ìta, kí ojú ihò sì wà nísàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú. Èyí tí ó ṣáájú gbogbo wọn kò gba owó rárá: kí a tó pe bírìkìlà, kí a wọ inú ilé ìdáná nígbà tí iná ń jó, kí a dúró níbẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi jinná, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a bá níbẹ̀ pé, kí ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe?