Ta Ni Kí Ó Gbààwẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tí Ó Ní Wárápá

Ibi kíkà: Máàkù 9:14–29

  

Àwọn kan lè máa retí pé kí a sọ ti ilé ìjọsìn àti owó páànù. Ìyẹn wà ní ojú ewé mìíràn. Wárápá ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé àánú kan ní agbègbè wa tí wọn kò tíì gbé ẹni tí ó ní in wá rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí a kà. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Ọmọ náà a máa ṣubú, a máa yọ ìfófòó lẹ́nu, a máa payín keke. Apá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò ká a. Kí Jésù tó wo ọmọ náà sàn, ìbéèrè ni Ó bi bàbá rẹ̀: láti ìgbà wo ni nǹkan yìí ti ń ṣe é? Bàbá dáhùn pé láti kékeré ni, àti pé ìgbà púpọ̀ ni ó ti gbé e sínú iná àti sínú omi. Ẹ gbọ́ ná: Olúwa tí ó mọ ohun gbogbo ni ó ń béèrè o! Àwa tí a kò mọ̀ ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n wọlé, tí ó ku àwọn nìkan, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Í ní ìdí tí apá wọn kò fi ká a. Ibẹ̀ ni Ó ti sọ ti àdúrà àti ààwẹ̀. Ta ni Ó ń sọ ọ́ fún? Àwọn tí ó fẹ́ gbàdúrà ni. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Ẹ ka orí náà láti òkè dé ilẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tí Jésù ti ní kí ọmọ tí ó ní wárápá gbààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń rí káàkiri? Wọ́n á gbé ọmọkùnrin kan wá, wọ́n á ní kí ó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kí ó ṣe ìṣọ́ òru mẹ́ta léraléra, kí ó sì kó oògùn ọsibítù rẹ̀ sí ẹsẹ̀ pẹpẹ. Ní òru kẹta, nǹkan bí aago mẹ́ta, ọmọ á ṣubú lulẹ̀. Agbo á gbaná: “Ó ti ń jáde! Ó ti ń jáde!” Ìyá ọmọ kò ní mọ̀ bóyá kí òun yọ̀ ni àbí kí òun sunkún. Ará, ohun mẹ́ta tí ó máa ń pe wárápá jáde ni wọ́n kó lé ọmọ yẹn lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: àìsùn, ebi, àti oògùn tí a dá dúró lójijì.

Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ ní agbára kan bí iná mànàmáná tí ó fi ń rán ara níṣẹ́. Bí agbára náà bá ru lójijì, ara á gbọ̀n, iyè á fò lọ. Ìbí tí ó nira, àìsàn tí ó mú ọpọlọ ní kékeré, orí tí ó fi ara gbá, gbogbo wọn lè fà á. Kì í ràn. Ìfófòó tí ó ń jáde lẹ́nu kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó fà á yàtọ̀ sí ohun tí ó máa ń pè é. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn pa oògùn rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ń lo fenobábítónì, tí ó kàn jáwọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, gìrì lè dé tí kò ní dáwọ́ dúró, ó sì lè pa á. Àìsùn ló tẹ̀ lé e. Ibà náà ńkọ́? Ní oko wa níbí tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ibà máa ń pè é gan-an, pàápàá lára ọmọdé. Ẹmu àti ògógóró ń pè é, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kejì tí ọtí ń dá lójú. Àníyàn ń pè é. Obìnrin mìíràn á rí i pé ìgbà nǹkan oṣù òun ni ó máa ń dé. Iná tí ń ṣẹ́jú pà-pà-pà máa ń pè é fún àwọn díẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn. Ohun tí ó ń pe ti Lágbájá lè má pe ti Tàmẹ̀dò; ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a béèrè bí Olúwa ti béèrè. Kí ìyá ọmọ ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ọjọ́ tí ó ṣubú sílẹ̀, bí ó ṣe sùn lálẹ́ àná, ohun tí ó jẹ, bóyá ara rẹ̀ gbóná.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti UCH Ìbàdàn, tí ó di olóògbé ní 1995, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àìsàn ọpọlọ kiri láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà, láàrín nǹkan bí 19,000 ènìyàn. Ìwádìí náà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 fi hàn pé ènìyàn 5 ó lé díẹ̀ nínú 1,000 ni ó ní wárápá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé bí a bá tọ́jú wọn dáadáa, nǹkan bí 70 nínú 100 lè wà láìṣubú mọ́.

Àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn àgbà máa ń fún ọmọ tí gìrì mú, èyí tí wọ́n ń po ewé tábà mọ́, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń dí èémí lọ́wọ́. Ọmọ tí ì bá jí á wá di òkú. Kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n ń kì bọ iná. Èèyàn á rí àpá náà títí ayé. Bí ó bá ṣubú, ẹ dẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi aṣọ rọ orí rẹ̀, ẹ má fi ṣíbí há a lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má fún un ní omi, ìbáà ṣe omi àdúrà, títí iyè rẹ̀ yóò fi sọ. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ wá mọ́tò.

Iná àti omi tí bàbá yẹn wí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹni tí ó ní wárápá kò gbọdọ̀ dá nìkan jókòó ti agbada gàrí, kò gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ dá lọ sí odò. Bí wòlíì bá ní kí ó wẹ odò, kí ó fi korobá wẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ. Omi kan náà ni.

A mọ̀ pé nínú ẹ̀yin àlejò wa, ìjọ mìíràn kò fọwọ́ sí oògùn. A kò wá jiyàn lọ́jọ́ àjọ̀dún. Àwa gbà pé Lúùkù tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ràn, oníṣègùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ oògùn rárá, ṣé oorun ni oògùn òyìnbó? Ṣé ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ni abẹ́rẹ́? Nígbà tí ó rẹ Èlíjà tẹnutẹnu nínú aginjù, áńgẹ́lì kò pè é sí ìṣọ́ òru. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó jí i kí ó jẹun, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó tún jí i kí ó jẹun. Lẹ́yìn èyí ni ó tó rin ogójì ọjọ́.

Nítorí náà, ní òru ìṣọ́ àjọ̀dún wa yìí, a ti bá àwọn ìyá ìjọ ṣètò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní wárápá, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ tàbí àlejò, yóò jẹun alẹ́, yóò lo oògùn rẹ̀ ní àsìkò, a ó sì tẹ́ ẹní fún un ní yàrá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, pẹ̀lú ẹnìkan tí yóò máa bojú tó o. Ẹni tí yóò bá a gbààwẹ̀, tí yóò sì bá a ṣọ́ òru, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ kí ọjọ́ náà tó pé.