Nígbà Tí Ìpín Ju Ogún Lọ

Obìnrin kan kú láìbímọ, àwọn òbí rẹ̀ náà ti ṣaláìsí. Ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ló fi sílẹ̀. Kùránì, nínú Súrátù Nisáì, fún ọkọ ní ìdajì, ó fún àwọn àbúrò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ẹ ro ó pọ̀: tí a bá pín ogún sí ìdá mẹ́fà, ìdajì jẹ́ mẹ́ta, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ mẹ́rin. Ogún jẹ́ ìdá mẹ́fà, ìpín di méje.

Ìtàn sọ pé ìgbà Kálífà Umar (634–644) ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ yọjú. Ó fọ̀rọ̀ lọ àwọn sàábé Ànábì, ó sì pín ogún sọ́nà méje: ọkọ mú mẹ́ta, àwọn àbúrò mú mẹ́rin. Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, kò gbà. Lójú tirẹ̀, ìdajì ọkọ kò gbọdọ̀ dín. Kí àwọn àbúrò gba ìyókù. Àwọn Sunni tẹ̀lé Umar, ọ̀pọ̀ àwọn Shia kọ̀ ọ́.

Olùkọ́ lè gbé ₦84,000 síwájú kíláàsì. Lọ́dọ̀ Umar, ọkọ gba ₦36,000. Lọ́dọ̀ Ibn Abbas, ₦42,000. Ìṣirò méjèèjì pé, ìdájọ́ ló yàtọ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ẹbí mìíràn tí ìpín wọn yóò ju odidi lọ, kí wọ́n sì jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí àdínkù kàn.