Àgbà Tó Wo Ẹ̀yìn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa ará Abúlé Ẹ̀gbá ní ẹlẹ́rìí òwe yìí nítòsí: James Pinson Labulo Davies, ọmọ Sàró tí wọ́n bí ní 1828, kápútéènì ọkọ̀ ojú omi tó di gbajúmọ̀ oníṣòwò l'Ékòó. Owó rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ní 1862 ó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí Ọbabìnrin Victoria ṣe alágbàtọ́ fún.

Ní 1876, gbèsè wó o mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀yìn tó wò ló gbà á: òwò àwìn tó so mọ́ òyìnbó òkèèrè lè já nígbàkigbà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í sá. Ó kọrí sí Ìjọn, lápá Àgége, ó gbin kòkó ní nǹkan bí 1880, nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Yorùbá kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní 1880 gan-an ni ìyàwó rẹ̀ kú ní Madeira. Ó gbé ọwọ̀n òkúta kalẹ̀ fún un nínú oko náà. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa kò gbọ́ orúkọ Davies. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Àgége tó tẹ̀ lé e, bíi J. K. Coker, ni kòkó ti tàn wọ inú ilẹ̀ Yorùbá.